Àmúwá Ọlọ́run, Iṣẹ́ Èṣù: Ta Ni Kí A Wá Dárí Jì?

Ìfáárà

Tibi tire ni a dá ilé ayé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, kò sì sí àgbàlagbà tí yóò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú inú wo òwe náà, a ó rí i pé kò sọ ẹni tí ó da ibi mọ́ ire. Bí ayé ti rí ni ó sọ fún wa. Ọkàn ènìyàn kì í sì í gbà kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí ibi bá dé, a máa ń fẹ́ mọ ọwọ́ tí ó ti wá. Láàrin àwa Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá, ìdáhùn méjì ni ó máa ń yá wa lẹ́nu jù. Bí a bá ń tu ọlọ́fọ̀ nínú, a ó ní, ‘Àmúwá Ọlọ́run ni.’ Bí a bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ̀, a ó ní, ‘Iṣẹ́ Èṣù ni.’

Àbá tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé gbólóhùn méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú ni ó sábà máa ń bí wọn, a máa yọ ènìyàn kúrò nínú ẹjọ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀. Èkíní gbé ẹjọ́ lọ sí òkè ọ̀run. Èkejì gbé e lọ sí ọ̀run àpáàdì. Ilé ayé, níbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ gan-an, wá di ibi tí kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Níbi tí kò bá sì sí ẹlẹ́ṣẹ̀, ìdáríjì kò lè sí. A ó fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọdún 2002 ṣe àpẹẹrẹ. A ó yẹ èdè tí a fi ń sọ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wò. A ó sì bi Ìwé Mímọ́ léèrè.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà

Ilẹ̀ iṣẹ́ ni Ìkẹjà àti Agége. Oko obì àti oko kòkó ni ó kọ́kọ́ sọ Agége di ìlú tí a mọ̀, ojú irin tí ó gba ibẹ̀ kọjá sì ń kó ẹrù oko lọ sí Èkó. Ní Ifàkọ̀, nítòsí Agége, ni oko kòkó J. K. Coker wà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1901. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ dé sí Ìkẹjà, Ògbà àti Orégùn, tí àwọn ènìyàn sì ń ti gbogbo igun Nàìjíríà wá ṣe iṣẹ́ oṣù níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ti pọ̀ ní agbègbè náà ni ilé ìjọsìn pọ̀. Láàrin ilé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni bárékè àwọn ológun wà, inú bárékè náà ni a sì kó àdó olóró pamọ́ sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 2002, iná ràn dé ibi ìkó-ohun-ìjà-sí náà. Àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù léraléra. Ilẹ̀ mì tìtì. Gíláàsì fèrèsé fọ́ ní ibi tí ó jìnnà sí bárékè. Irin gbígbóná ń já bọ́ sórí ilé onílé. Àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí ó dé. Àwọn kan rò pé ogun ni, àwọn mìíràn rò pé àwọn ológun tún fẹ́ gbàjọba ni. Wọ́n sá. Ọwọ́ ìyá já kúrò lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ sì ń sá tẹ̀lé ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn doríkọ apá Ìsọlọ̀ àti Ejìgbò. Kánàálì kan wà ní Òkè-Àfá, ìyẹn ojú omi tí a fi ọwọ́ gbẹ́. Koríko tí ń léfòó ti bo ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jọ ilẹ̀ lójú ẹni tí ń sáré nínú òkùnkùn. Àwọn tí ó wà níwájú já sínú omi. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n sì ń tì wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ni a ń gbé jáde nínú omi náà, òkú ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Iye àwọn tí ó kú nínú ìjàm̀bá ọjọ́ náà lé ní 1,000.

Ọ̀gá ológun tí ó ń ṣe àkóso bárékè náà bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó tọrọ àforíjì ní orúkọ àwọn ológun, ó sì sọ pé ètò ti ń lọ lọ́wọ́ láti tún ibi ìkó-nǹkan-sí náà ṣe kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀. Ìjọba ní tirẹ̀ dá àwọn ológun lẹ́bi: ìbúgbàmù kékeré kan ti wáyé níbẹ̀ ní ọdún 2001, a sì ti ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Kí òǹkàwé fi ọkàn sí kókó yìí. Ibi tí ó dé bá Ìkẹjà kì í ṣe ààrá tí ó sán láti ojú ọ̀run. Àdó olóró kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí àárín ìlú. Ènìyàn ni ó gbé e wá, ènìyàn ni ó fi í sílẹ̀ kí ó gbó síbẹ̀, ènìyàn ni a kìlọ̀ fún. Koríko pàápàá kò fi ọjọ́ kan bo kánàálì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń gba ẹnu wa kan ní ilé ọ̀fọ̀ irú èyí ni pé Ọlọ́run ni ó mọ ohun tí ó rí tí ó fi ṣe é.

Ta ni olùwà gbólóhùn?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ èdè wa wò, nítorí inú èdè ni èrò ń gbé. Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá mọ irú gbólóhùn tí a máa ń rí nínú àròkọ wọn bí a bá ní kí wọ́n kọ nípa ìjàm̀bá: ‘Mọ́tò pa á.’ ‘Iná jó ilé wọn.’ ‘Omi gbé ọmọ náà lọ.’ ‘Ẹ̀rọ gé e ní ìka.’ Kò sí àṣìṣe gírámà nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olùwà, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì ní àbọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn olùwà náà dáadáa, ohun tí kò ní ọkàn ni gbogbo wọn: mọ́tò, iná, omi, ẹ̀rọ. Awakọ̀ tí ó mutí yó kò sí nínú gbólóhùn. Ẹni tí ó po bẹntiróòlù mọ́ epo kẹrosíìnì kò sí níbẹ̀.

A lè fi àpèjúwe kan mú ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Ká ní òṣìṣẹ́ kan wà ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ògbà, tí irin tí a fi bo ẹnu ẹ̀rọ tí ó ń lò ti bọ́ dànù láti oṣù mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ sọ fún fọ́máànù, fọ́máànù sọ fún máníjà. Máníjà ní kí wọ́n ṣì máa lò ó bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí a bá dá ẹ̀rọ dúró, owó ni a ó pàdánù. Ní òru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ gé òṣìṣẹ́ náà ní ìka mẹ́ta. Àwọn ọ̀gá gbé èso àti owó díẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n wá kí i ní ọsibítù, wọ́n ní kí ó máa dúpẹ́ pé kì í ṣe gbogbo apá ni ó lọ, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Òṣìṣẹ́ náà ṣe àmín. Ta ni yóò wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sí, nítorí pé a ti gbé ẹjọ́ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ẹni tí a ṣẹ̀ sì ti fi àmín tì í lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn ni yóò jókòó ti ẹ̀rọ náà, ẹnu rẹ̀ yóò sì ṣì wà ní ṣíṣí.

Bíbélì mọ irú gbólóhùn yìí. Nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì orí 11, Dáfídì gba aya Ùríà, ó sì kọ ìwé ránṣẹ́ pé kí a fi ọkùnrin náà sí ibi tí ogun gbé gbóná jù. Nígbà tí ìròyìn dé pé Ùríà ti kú, ọba ránṣẹ́ padà sí olórí ogun rẹ̀ pé kí ó má jẹ́ kí ó dùn ún, nítorí pé bí idà ti ń pa ti ìhín ni ó ń pa ti ọ̀hún. Ẹ wo olùwà gbólóhùn ọba: idà ni. Ní orí 12, wòlíì Nátánì dé sí ààfin, ó jẹ́ iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an. Nínú iṣẹ́ náà, idà kì í ṣe olùwà mọ́. Dáfídì ni olùwà: òun ni ó pa Ùríà, idà àwọn ará Ámónì wulẹ̀ jẹ́ ohun èlò tí ó fi pa á ni. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó tún gbólóhùn ọba tò, tí ó dá ènìyàn padà sí àyè tí ó ti sá kúrò. Lẹ́yìn èyí ni Dáfídì tó lè sọ pé òun ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn tí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ ni wòlíì tó sọ fún un pé a ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ká ní Nátánì wá sí ààfin láti sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni ikú Ùríà, ọba ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ì bá sì kú sínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Irú Ọlọ́run wo ni?

Ìbéèrè àtayébáyé ni èyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń bèèrè pé: bí Ọlọ́run bá jẹ́ alágbára gbogbo, tí ó sì jẹ́ olóore gbogbo, níbo ni ibi ti wá? Ẹni tí ó bá sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni gbogbo ibi rò pé òun ń gbèjà agbára Ọlọ́run. Bí a bá wò ó dáadáa, oore Ọlọ́run ni ó fi ra agbára náà. Àwọn baba ńlá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé tí ó kọ nípa Olódùmarè ní ọdún 1962, fi hàn pé onídàájọ́ òdodo ni Yorùbá mọ Olódùmarè sí. Adákẹ́dájọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń dájọ́. A kì í sì í pe ẹni tí ó jẹ́ onídàájọ́ ní ọ̀daràn inú ẹjọ́ kan náà.

Jésù pàápàá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé Lúùkù orí 13 sọ nípa ilé-ìṣọ́ kan ní Sílóámù tí ó wó pa ènìyàn méjìdínlógún. Jésù bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó yí i ká bóyá wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó kú pọ̀ ju ti àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé rárá. Kò pe ikú wọn ní ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tí ó wà láàyè ni ó kọjú sí, tí ó ní kí wọ́n ronú pìwà dà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ràn Jóòbù. Ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ohun tí ó dára jù lọ tí wọ́n ṣe fún un sì nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu láti ṣàlàyé ìdí tí Ọlọ́run fi fi ìyà jẹ ẹ́ ni wọ́n ṣìnà, Ọlọ́run sì sọ ní orí 42 pé wọn kò sọ ohun tí ó tọ́ nípa òun. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i: ọ̀rọ̀ tí wọ́n rò pé wọ́n fi ń gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí.

Ó yẹ kí èyí mú wa ṣọ́ra lórí ìjẹ́rìí wa pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2012, ọkọ̀ òfuurufú Dana Air tí ó ń ti Àbújá bọ̀ já lu ilé ní Ìjù-Ìṣàgá, kò jìnnà sí Agége. Gbogbo ènìyàn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú, àwọn kan tí ó wà nílẹ̀ sì bá a lọ. Bí ẹnìkan bá pàdánù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó dìde nínú ìjọ tí ó ní Ọlọ́run ni ó yọ òun, kò sí ẹni tí yóò ní kí ó má dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé opó ẹni tí ó wọ ọkọ̀ náà lè wà lórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ni ọpẹ́ náà ń sọ fún un nípa Ọlọ́run? Àwọn olùwádìí tí ó yẹ ìjàm̀bá náà wò kò kọ̀wé pé àmúwá ni. Wọ́n sọ nípa ẹ́ńjìnnì méjì tí agbára wọn lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, wọ́n sì sọ nípa ìpinnu àwọn awakọ̀ tí wọn kò tètè wá pápákọ̀ òfuurufú tí ó súnmọ́ wọn sọ̀ sí. Òtítọ́ irú èyí kì í ṣe àìgbàgbọ́. Òun ni ó lè gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là.

Augustine, ọmọ Àríwá Áfíríkà tí a bí ní ọdún 354, kọ́ni pé Ọlọ́run kò dá ibi bí ó ti dá ilẹ̀ àti omi. Àìsí ire níbi tí ó yẹ kí ire wà ni ibi. Ènìyàn tí Ọlọ́run fún ní òmìnira ni ó kọ ẹ̀yìn sí ire. A lè rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Òkè-Àfá: àìtọ́jú, àìbìkítà, àìgbọ́ ìkìlọ̀. Bí ‘àì’ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nínú èdè wa, bẹ́ẹ̀ ni ibi náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ayé. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ Augustine tán gbogbo ìṣòro. Ìjì ń jà, àrùn ń pa ọmọ ọwọ́, láìsí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀, lórí irú ibi bẹ́ẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣì ni ó yẹ wá. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ibi tí a kò mọ orísun rẹ̀ bo èyí tí a mọ̀ mọ́lẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù wà nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń kà lọ́jọ́ Àìkú. Bí ikú kan bá wà tí Kristẹni lè pè ní àmúwá Ọlọ́run, ikú Jésù ni, nítorí ìgbàgbọ́ wa ni pé nípasẹ̀ rẹ̀ ni ìgbàlà fi dé. Pọ́ńtíù Pílátù bu omi, ó wẹ ọwọ́, kí orúkọ rẹ̀ má baà sí nínú ẹjọ́ náà. Síbẹ̀ Ìjọ kò gbà fún un. Láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìjẹ́wọ́ náà, pé lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ ni Jésù jìyà. Bí ètò Ọlọ́run lórí àgbélébùú kò bá pa orúkọ Pílátù rẹ́, kí ni yóò pa orúkọ wa rẹ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò gba ẹnikẹ́ni là?

Èṣù inú ẹjọ́

Gbólóhùn kejì kù, èyíinì ni ‘iṣẹ́ Èṣù.’ Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi pe olùdánwò, ọ̀tá Ọlọ́run. Èṣù ni wọ́n mú. Àwọn onímọ̀ ti sọ ọ́ léraléra pé Èṣù tí àwọn babaláwo mọ̀ kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Ìránṣẹ́ ni, òun ni ó ń gbé ẹbọ, àṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn Ajogun, bí Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe, ni ó ń bá ọmọ ènìyàn jagun.

Kókó tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé Èṣù ti àtijọ́ kì í gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rù. Nínú ìtàn Ifá, ìbéèrè rẹ̀ ni pé ta ni ó rú, ta ni kò rú. Ẹni tí a ní kí ó rúbọ tí ó kọ etí ikún, orí ara rẹ̀ ni ẹ̀bi náà wà. Èṣù inú Bíbélì pẹ̀lú kò gba ẹjọ́ rù. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 3, nígbà tí Ọlọ́run bèèrè ọ̀rọ̀, ọkùnrin na ìka sí obìnrin, àní sí Ọlọ́run tí ó fún un ní obìnrin náà. Obìnrin na ìka sí ejò. Ọlọ́run dá ejò lẹ́jọ́ tirẹ̀, ó sì dá obìnrin àti ọkùnrin ní tiwọn. Jákọ́bù kọ ọ́ ní orí kìíní ìwé rẹ̀ pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ẹni ni ó ń fa ènìyàn lọ. A rí i nígbà náà pé ‘iṣẹ́ Èṣù’ tí à ń fi ṣe àwáwí lónìí kò ní baba nínú ẹ̀sìn àbáláyé, kò sì ní baba nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni. Àwa ni a bí i fún ìrọ̀rùn ara wa.

Ìdáríjì ń fẹ́ àbọ̀

Ẹ jẹ́ kí á padà sí gírámà. Bí ẹnìkan bá dìde láàrin ìjọ tí ó ní òun ti dárí jì, tí kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò bi í pé, ‘Ta ni?’ Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń fẹ́ àbọ̀, àbọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó lè ṣẹ̀. A kò lè dárí ji omi. A kò lè dárí ji àdó olóró. Kò sí ẹni tí ó ní kí á dárí ji Èṣù, Ọlọ́run kò sì jẹ wá ní gbèsè ẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá ti fi ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ṣe olùwà nígbà tí a ń sọ ẹ̀ṣẹ̀, a kò ní rí àbọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ dárí jì. Nínú ‘foríjì’, tí í ṣe ‘fi orí jì’, orí kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Orí ta ni? Orí ẹni tí ó ṣẹ̀ ni.

Gbèsè ni Mátíù fi ṣe àpèjúwe ẹ̀ṣẹ̀. Ní orí 18 ìwé rẹ̀, ọba tí ó dárí gbèsè ńlá ji ìránṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ pè é ṣe ìṣirò. A ka gbèsè náà, ó pé 10,000 tálẹ́ńtì, kí a tó fà á rẹ́. Ìdáríjì kì í ṣe àìka gbèsè. Ẹni tí ó bá ti mọ iye tí a jẹ ẹ́, tí ó sì yọ̀ǹda rẹ̀, ni ó dárí jì.

Jósẹ́fù mọ èyí. Nígbà tí ó fi ara rẹ̀ hàn fún àwọn arákùnrin rẹ̀ ní Íjíbítì, ó sọ fún wọn pé òun ni Jósẹ́fù tí wọ́n tà. Lẹ́yìn náà ni ó tó sọ pé Ọlọ́run ti yí ibi tí wọ́n rò sí òun padà sí rere. Kò fi iṣẹ́ Ọlọ́run bo iṣẹ́ wọn. Ó mẹ́nu kan méjèèjì, ó sì sunkún lọ́rùn wọn.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìtàn Àjàyí Crowther jọ èyí. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá bíi tirẹ̀ sì wà nínú àwọn tí ó kó o. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822 tí ó gbé e lọ sí Sàró. Ní ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1848 ni a sì ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837, Crowther gbà pé Ọlọ́run ti fi ọjọ́ burúkú náà ṣe ọ̀nà ìbùkún fún òun. Ṣùgbọ́n inú lẹ́tà kan náà ni ó ti ṣàlàyé àwọn tí ó wá kó ìlú, bí wọ́n ti ti iná bọ ilé, àti bí wọ́n ti so okùn mọ́ ènìyàn lọ́rùn. Ní ọdún 1841, ó bá wọn lọ sí ìrìn-àjò odò Ọya, èyí tí a torí fífi òpin sí òwò ẹrú ṣe. Ẹni tí ó bá gbà pé Ọlọ́run ni ó fẹ́ òwò ẹrú kì yóò bá a jà.

Ní gúúsù Áfíríkà, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu ń darí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1996, òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí a má fi òfin mú òun gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ohun tí ó ṣe. Inú gbogbo ènìyàn kò dùn sí ètò náà, pàápàá àwọn tí ó sọ pé ẹ̀rí kò lè dípò ìdájọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí ìdáríjì gbà níbẹ̀ nípa sísọ pé idà ni ó pa ènìyàn.

Àwọn àtakò

Ẹnìkan lè sọ pé Jésù tọrọ ìdáríjì lórí àgbélébùú fún àwọn tí kò jẹ́wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó tọrọ rẹ̀ fún, lórí ohun tí wọ́n ń ṣe lójú rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí a ṣẹ̀ lè yọ ìkorò kúrò nínú ọkàn rẹ̀ láìdúró de ìjẹ́wọ́. Ìdáríjì nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó lè fi í mú un ní túláàsì. Ìlàjà ni ó ń fẹ́ ẹnìkejì. Sákéù mọ̀ bẹ́ẹ̀: ó ní òun yóò dá ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹlòmíràn lè tọ́ka sí òwe wa pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òwe ire ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tí ó jọ ń ṣeré ni ó ń sọ, àwọn tí agbára wọn dọ́gba. Lórí ọ̀rọ̀ alágbára àti aláìlágbára, òwe mìíràn ni àgbà pa: ẹni tí ó ṣu ni ó ń gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Nígbà tí alágbára bá ní kí á gbàgbé, kí á kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó kó o.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti ìtùnú. A ó ní bí a bá gba ‘àmúwá Ọlọ́run’ lẹ́nu ọlọ́fọ̀, kí ni a ó fi rọ́pò rẹ̀? A kò ní kí ẹnikẹ́ni gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá omi lọ bá sọ ọ́ kí ó baà lè sùn lóru, àdúrà ni lẹ́nu rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á dákẹ́. Ẹnu ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ́jú àdó olóró, láti gbá koríko kúrò nínú omi, tàbí láti bo ẹnu ẹ̀rọ, ni kò ti yẹ kí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ohun tí ó jẹ́ ìfaradà lẹ́nu ọlọ́fọ̀, àwáwí ni lẹ́nu ẹlẹ́bi.

Ìkádìí

A ti rí i pé ‘àmúwá Ọlọ́run’ ń sọ Ọlọ́run di ẹlẹ́ṣẹ̀, pé ‘iṣẹ́ Èṣù’ ń sọ ẹlẹ́ṣẹ̀ di ẹni tí a ṣẹ̀, àti pé láàrin méjèèjì ni ìdáríjì ti ń pàdánù ẹni tí ó yẹ kí ó bá. Ọlọ́run tí Ìwé Mímọ́ fi hàn wá kò bẹ̀rù orúkọ. Ó bèèrè lọ́wọ́ Ádámù ibi tí ó wà; ó na ìka sí Dáfídì; ó jẹ́ kí orúkọ Pílátù dúró. Kì í ṣe ìkà ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kò bá dárúkọ, a kò lè dárí jì í.

Iṣẹ́ kékeré kan kù fún àwa olùkọ́ àti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé omi gbé ẹnìkan lọ, kí á fún un ní máàkì rẹ̀, kí á sì bi í ní ẹ̀gbẹ́ ìwé pé ta ni ó yẹ kí ó tún ojú omi náà ṣe. Bí ó bá kọ́ láti máa wá olùwà tòótọ́ nínú gbólóhùn, yóò mọ bí a ti ń wá a nínú ìlú. Àwọn ẹbí àwọn tí ó kú ní ọdún 2002 ṣì máa ń pé jọ ní oṣù Kìíní, ní ibi ìrántí tí ó wà ní Òkè-Àfá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni ìgbàgbọ́ tí ó mọ̀ pé a ní kí àwọn dárí jì. Ohun tí ó kù tí ìlú jẹ wọ́n ni kí a sọ ẹni tí wọn yóò dárí jì fún wọn.